Màmá Oǹdó àti Ìràwọ̀ Tó Ń Tú Ara Rẹ̀ Ká

Ẹ má sọ fún Màmá Oǹdó pé wọn ò darúgbó. Ìjà ni. Bí ẹ bá wọlé, tí ẹ kúnlẹ̀ tán, tí ẹ wá ń fẹnu dídùn sọ pé, "Áà, Màmá, ẹ ò gbó rárá, ẹ ṣì ń dán," wọ́n á yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á wò yín láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò gbó? Ṣé lásán ni mo ń ṣe é láti ọjọ́ yìí?" Àlùfáà ìjọ wa ti rí tiwọn gbà lọ́nà yìí. Níjọ́ tí a ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún Màmá, àlùfáà fẹ́ yìn wọ́n láti orí pẹpẹ, ó ní ojú wọn dà bí ojú ọmọge. Màmá dìde láàárín gbogbo ìjọ, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe kí n tó gbó tó báyìí. Ẹ má bù ú kù."

Wọ́n ti lọ báyìí. A ti sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ní Oǹdó, àwọn ará ilé ti padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi jókòó sí yàrá mi ní Àkúrẹ́, mi ò lè ṣe ohunkóhun. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n dúpẹ́, pé òkú àgbà ni, pé wọ́n jẹun ọmọ. Mo ti dúpẹ́ títí, ọkàn mi ò gbọ́. Kí ló ń jẹ́ òkú àgbà lójú ọmọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wẹ̀? Ọjọ́ orí wọn ò sọ pé kí ó má dùn mí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n tún bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbọ́ ohùn yẹn.

Wọ́n mọ̀ ọ́n bú, àbí kí ni! Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí, Oǹdó ni wọ́n gbó sí, wọn ò sì gbà pé ibòmíràn tún wà tó ń jẹ́ ìlú. Ará Àkúrẹ́ ni bàbá mi, "ulé" la sì máa ń pe ilé ládùúgbò tiwa. Bí mo bá ti ṣèèṣì sọ ọ́ létí wọn, wọ́n á na ọrùn sí ojú fèrèsé, wọ́n á ké sí aládùúgbò: "Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ àwọn onúlé ti tún dé!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bu iyán fún mi, èyí tó máa pọ̀ jù nínú ilé. Bí mo bá ní mo ti yó, wọ́n á ní, "Ará ulé kì í mọ ìgbà tó yó. Jẹun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ Màmá Oǹdó kó kàn jù ú sínú ọ̀rá kó máa lọ. Bó bá ṣe aṣọ ni, wàá wọ̀ ọ́ lójú wọn. Bó bá ṣe ìkòkò ni, wàá gbé e sókè kí wọ́n rí i lọ́wọ́ rẹ. Wàá wá kúnlẹ̀, wàá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n á gbàdúrà: ẹ̀mí rẹ á lò ó, wàá lò ó gbó, ayọ̀ lo máa fi lò ó. Àmín gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ketekete. Nígbà tí wọ́n fún mi ní bùbá léèsì wọn kan tó fẹ̀ tó ti ẹni méjì, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, mo wá kàn kùn àmín náà sínú. Màmá dá àdúrà dúró. Awakọ̀ ń pariwo, èmi ń làágùn nínú léèsì. Wọ́n ní, "Àmín ikùn lo ṣe yẹn. Ti ẹnu dà?"

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi náà dá wàhálà sílẹ̀. Ìràwọ̀ ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ẹ sì mọ ilé wa. Bí ẹ bá ti dárúkọ ìràwọ̀, ẹni tó ń ríran lẹ jẹ́ nìyẹn. Àwọn ìyá ìjọ ń fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fún mi ní orúkọ ọmọ wọn tí kò tíì rọ́kọ fẹ́, kí n bá wọn wo ìràwọ̀ rẹ̀ bóyá ẹnì kan gbé e pamọ́. Mo ṣàlàyé títí ó sú mi. Màmá Oǹdó ló gbà mí. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n na ọ̀pá wọn sí àwọn ìyá náà, wọ́n ní, "Tinúkẹ́ mi kì í ríran. Ìṣirò ló ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ìṣirò, kó wá."

Màmá fúnra wọn ló wá fẹ́ ìṣirò. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, wọ́n ní kí n fi ohun tó ń gba oorun lójú mi han àwọn. Mo fi àwòrán ìràwọ̀ kan hàn wọ́n, bọ́ọ̀lù ńlá pupa kan tí etí rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ gaara, bí ẹni pé nǹkan ń rú jáde lára rẹ̀.

"Arúgbó ìràwọ̀ lèyí, Màmá. Bí ìràwọ̀ bá ti jó ohun ìdáná tó wà láàárín gbùngbùn inú rẹ̀ tán, inú yẹn á súnkì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ lóde á máa wú. Á wú títí á fi tóbi ju oòrùn wa lọ fíìfíì. Ara rẹ̀ á wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀, á pọ́n."

"Ó tutù, ó tún ń tàn?"

"Ó ń tàn ju ìgbà èwe rẹ̀ lọ, nítorí bó ṣe tóbi."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìràwọ̀ gidi. Máa bá a lọ."

Mo sọ fún wọn pé gáàsì ni gbogbo ara ìràwọ̀, àti pé nígbà tí ara bá ti jìnnà sí inú báyẹn, ìràwọ̀ ò lè di gáàsì ara rẹ̀ mú dáadáa mọ́. Wọ́n béèrè bóyá irú gáàsì tí ẹ̀gbọ́n màmá mi rà fún wọn tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn sílé ni. Mo ní rárá o. Mo ní ìràwọ̀ náà á máa wú, á máa súnkì, bí àyà ẹni tó ń mí. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ń gòkè. Tó bá dé ibi tó tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di eruku wẹ́wẹ́, irú dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á ti eruku náà síta, eruku á fa gáàsì tẹ̀ lé ara rẹ̀, wọ́n á jọ máa lọ. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyẹn ni, láìdúró, títí èyí tó pọ̀ nínú ara ìràwọ̀ á fi lọ.

Màmá fa kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ra. "Kò sẹ́ni tó ń fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kò sí, Màmá. Ìmọ́lẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í."

"Níbo ló ń lọ?"

"Ó ń lọ sí àárín àwọn ìràwọ̀ yòókù. Ó lè wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Tó bá yá, á kó jọ pẹ̀lú òmíràn, ìràwọ̀ tuntun á tinú rẹ̀ wáyé. Ohun tó wà nínú ara tiwa gan-an, irú ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wá."

"Kí ló wá kù fún ìràwọ̀ náà?"

"Inú rẹ̀ yẹn ló kù. Á kéré, á funfun, á gbóná janjan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá mi nítan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́, wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi: "Kì í wá dúró dìgbà tó bá kú."

Ọ̀rọ̀ ẹrù pínpín ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ mi. Ní ilé wa, òkú là ń pín ẹrù rẹ̀. Bí ìyá bá lọ, àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á pín aṣọ. Alààyè tó bá ń pín tirẹ̀, wọ́n ní ó ti ń dágbére, wọ́n á sì yára kó ẹrù rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Màmá Oǹdó ò gbọ́ irú ẹ̀. Wọ́n ti fún màmá mi ní iyùn wọn. Wọ́n ti gbé ọlọ fún ìyàwó ilé kejì. Ìwé orin wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ti dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọdé akọrin kan tí kò tilẹ̀ mọ ohùn kọ. Wọ́n á ní, "Mo fẹ́ rí i lára wọn. Nígbà tí mo bá wà nínú ilẹ̀, kí ni mo fẹ́ rí?"

Ẹni tí èyí fẹ́ pa ni Dádì Alágbàká. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, àkọ́bí Màmá, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Alágbàká ni ilé wọn wà, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àwa ọmọ ṣe ń pè wọ́n. Màmá nìkan ló ń pè wọ́n ní Akin. Dádì ò jẹ́ bá ìyá wọn jà, wọ́n wá dá ọgbọ́n tiwọn. Bí Màmá bá ti fún ẹnì kan ní ìkòkò, ní Sátidé Dádì á gbé ìkòkò tuntun sínú bùútù ọkọ̀, ó di Oǹdó. Bí Màmá bá fi àga tọrẹ, àga méjì á dé. Wọ́n ra ẹní, wọ́n ra abọ́, wọ́n ra fìríìsà. Ilé ò gbọdọ̀ ṣófo. Wọn ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, gbogbo wa sì mọ̀. Lójú Dádì, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ṣì kún ilé ò tíì múra ìrìn.

Màmá náà ò sinmi. Kí ọkọ̀ Dádì tó padà dé Àkúrẹ́, ìkòkò tuntun ti wà lórí àwọn ìyá ìjọ. Fìríìsà dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta omi tútù lójú títì. Màmá ní kí obìnrin náà gbá a mọ́ra, nígbà tí kò lè gbé e sókè, kí wọ́n lè gbàdúrà sí i. Ó di ohun ẹ̀rín ní gbogbo àdúgbò. Àwọn èèyàn á jókòó ní Sátidé, wọ́n á máa wo ọ̀nà fún ọkọ̀ Dádì Alágbàká. Màmá náà á máa rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú wọn á ṣú. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ yìí fẹ́ràn mi, ó wá ń fi ìfẹ́ náà jẹ mí níyà."

Ìyà náà ni kíjìpá. Aṣọ híhun kan ni, dúdú, ó nípọn, ìyá Màmá ló fọwọ́ hun ún nígbà tí Màmá lóyún àkọ́kọ́. Òun ni wọ́n fi pọn Dádì Alágbàká, òun náà ni wọ́n fi pọn màmá mi. Nínú gbogbo ẹrù wọn, òun nìkan ni wọn ò fi lọ ẹnikẹ́ni, nítorí Akin ni wọ́n fẹ́ fún. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé e jáde. Gbogbo Sátidé ni Dádì ń yíjú.

"Ẹ ṣì máa lò ó, Màmá."

"Ta ni mo fẹ́ fi pọ̀n?"

"Ẹ fi bora."

"Ooru ń mú mi, Akin. Gba aṣọ yìí."

Dádì á wá rántí pé àwọn ní ìpàdé ní Àkúrẹ́. Ìpàdé ìjọba ọjọ́ Sátidé!

Ó bẹ́ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Gbogbo wa pé ní pálọ̀ Màmá. A ti jẹun tán, Màmá tún gbé kíjìpá náà lé orí itan Dádì. Dádì gbé e padà sórí àga jẹ́jẹ́. Màmá wá na ìka sí mi, wọ́n ní, "Tinúkẹ́, sọ fún un. Ìràwọ̀ tó tóbi ju oòrùn lọ, ṣé ó lè di ara rẹ̀ mú bó bá darúgbó?" Kí n tó lanu, wọ́n ti dáhùn: "Kò lè dì í mú! Èmi Dèbórà wá ńkọ́?"

Dádì kọjú sí mi. "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn? Kí ẹ máa kọ́ ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń kú?"

"Dádì, ẹ má bínú, ìràwọ̀ ni mo…"

"Fi ọmọ sílẹ̀," ni Màmá wí. "Èmi ni kí o dáhùn."

Dádì Alágbàká, tí àwọn ọ̀gá ń dìde fún ní ọ́fíìsì, jókòó síbẹ̀, wọ́n tẹrí ba. Wọ́n ní, "Màmá, bí mo bá gba èyí, kí ló kù tí ẹ máa dúró dè?" Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà sì ń sunkún. Màmá Oǹdó nìkan ni ojú wọn gbẹ. Wọ́n dì mọ́ ọ̀pá, wọ́n ní, "Mo fẹ́ wo ojú rẹ nígbà tí o bá gbà á. Mo fẹ́ fi ẹnu mi gbàdúrà sí i. Bí wọ́n bá fà á yọ nínú àpótí aṣọ mi fún ẹ nígbà tí mo bá ti kú, ta ló máa bá mi ṣe é?" Dádì dìde, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀. Wọn ò gba àdúrà, wọn ò gba aṣọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá pè mí lórí fóònù, wọn kì í béèrè àlàáfíà mi mọ́. "Ìràwọ̀ rẹ ńkọ́? Ó ti tú dé ibo?" Mo máa ń sọ fún wọn pé kò lè tú tán lójú ayé wa, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni irú ẹ̀ ń gbà. Mo rò pé ó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Òun ní àyè. Èmi ò ní."

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Màmá lọ ni màmá mi pe Dádì láti Oǹdó. Màmá ti ṣubú nílé lówùúrọ̀, apá ọ̀tún wọn ti kú, ẹnu wọn ti wọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dádì yà gbé mi ní ilé wa. Nígbà tí mo ń ju báàgì mi sínú bùútù, mo rí i pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí bùútù ọkọ̀ náà lófìfo lójú ọ̀nà Oǹdó rí. Dádì ń wakọ̀, ojú wọn wà lọ́nà. A ti rìn jìnnà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ìràwọ̀ yín yẹn. Kò sí ohun tí ẹ̀dá lè fi dí i?"

"Kò sí, Dádì."

"Ẹnì kan ò lè ní òun ò gbà á, kó wá dúró?"

Mo fẹ́ purọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ purọ́. "Kì í bi ẹnikẹ́ni, Dádì. Ó kàn ń lọ ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ń wakọ̀ lọ, omijé ń dà sí kọ́là wọn, wọn ò nù ún.

Wọ́ọ̀dù náà kún, bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá Oǹdó dùbúlẹ̀, wọ́n kéré ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Ojú wọn là sílẹ̀, ó sì mọ̀ wá. Màmá mi ti mú kíjìpá náà wá látilé, wọ́n ká a sí ìdí ẹsẹ̀ Màmá Oǹdó. Dádì ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú kóòtù ọ́fíìsì lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dìde sórí eékún, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà, wọ́n tú u, wọ́n dà á bora láti èjìká délẹ̀.

"Màmá, mo ti gbà á. Ẹ wò mí. Ẹ wo ojú mi. Mo ti gbà á."

Màmá ń wò wọ́n. Apá kan ètè wọn gbéra, ó gbọ̀n, ó gbìyànjú. Itọ́ ló jáde. Wọ́n tún gbìyànjú. Mo fi àdúrà náà sí ọkàn mi, gbogbo rẹ̀ pátá, mo ń tì í lọ sí ẹnu wọn, kò lọ. Màmá mi yíjú sí ògiri. Dádì Alágbàká ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ kékeré, wọ́n ń dúró. A dúró, a dúró. Kò sí ohùn kankan.

"Àmín," ni Dádì wí. Wọ́n gbé ohùn sókè. "Àmín o! Àmín!"

Wọn ò dákẹ́. Wọ́n ń ṣe é lọ ketekete, lórí eékún, nínú kíjìpá, títí àwọn aláìsàn fi ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wo ọ̀tún, tí wọ́n ń wo òsì, tí wọ́n ń wá ẹni tó ń gbàdúrà.